Ẹnu Ọ̀nà Kíláàbù Gọ́ọ̀fù

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Gọ́ọ̀fù la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì yí i kúrò! Ẹni tí kò di ọ̀pá gọ́ọ̀fù mú rí náà máa rẹ́rìn-ín. Ìdí ni pé nínú eré apanilẹ́rìn-ín orí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, ìwà inú kíláàbù ni wọ́n fi ń dẹ́rìn-ín pa wá: ta ni wọ́n gbà wọlé, ta ni wọ́n dá dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí sì lèèyàn ṣe tí wọ́n fi tì í jáde.

Ẹ jẹ́ ká padà sí 1955. Nínú eré The Honeymooners, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni Ralph Kramden ní New York, ó sì ń wá ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́. Ó ti fọ́nnu pé òun mọ gọ́ọ̀fù gbá, ni ọ̀gá bá ní kó wá bá òun gbá a. Wàhálà dé! Ralph ò gbá a rí. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ed Norton, gbé ìwé ìkọ́ni kan, wọ́n ń fi kọ́ra nínú yàrá. Ìwé ní kí wọ́n kọ́kọ́ kọjú sí bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe sọ ọ́, ó tún lè jẹ́ pé kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀. Norton nàró, ó wo bọ́ọ̀lù ní àwòtúnwò, ó ní: "Bọ́ọ̀lù, o ǹlẹ́ o!" Ẹ̀rín yẹn dùn, àmọ́ ẹ wo ìdí ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n fẹ́ fún un, kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó mọ̀ ọ́n ṣe. Gọ́ọ̀fù ni ọ̀nà àbákọjá.

Lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn, eré I Love Lucy ti ṣe tiẹ̀. Ricky àti Fred ò fẹ́ kí ìyàwó wọn tẹ̀ lé wọn dé pápá, ni wọ́n bá kọ́ wọn ní òfin irọ́. Jimmy Demaret, ọ̀jẹ̀ tó gba Masters, ìdíje gọ́ọ̀fù ńlá kan, lẹ́ẹ̀mẹta lóòótọ́, wà nínú eré ọ̀hún, àwọn obìnrin náà ló sì gbè. Augusta National, ní Georgia, ni wọ́n ti ń gbá Masters. Ibẹ̀ ò gba adúláwọ̀ kankan sẹ́gbẹ́ títí di 1990. Ti obìnrin tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: 2012, Condoleezza Rice àti Darla Moore.

Ọ̀pọ̀ aláwàdà Amẹ́ríkà ló mọ ìtìjú ẹnu ọ̀nà yẹn dáadáa. Ní Los Angeles láyé àtijọ́, àwọn kíláàbù ńlá kì í gba Júù, làwọn Júù bá dá kíláàbù tiwọn, Hillcrest, sílẹ̀ lọ́dún 1920. Tábìlì kan wà nílé oúnjẹ ibẹ̀ tí Groucho Marx, Jack Benny àti George Burns máa ń jókòó yí ká, tí wọ́n ń fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀. (Ká ní mo lè jókòó sí ìkángun tábìlì yẹn lọ́jọ́ kan ṣoṣo!)

Ó wá kan Larry David, aláwàdà tóun náà jẹ́ Júù, baba ìjàngbọ̀n. Ó fi orúkọ ara rẹ̀ ṣeré nínú eré tẹlifíṣọ̀n Curb Your Enthusiasm, láti 2000 títí dé 2024. Owó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ti gbà á wọlé, síbẹ̀ kò fara balẹ̀. Nígbà kan, bàbá ọ̀rẹ́ rẹ̀, Marty Funkhouser, kú, wọ́n fi ọ̀pá gọ́ọ̀fù kan tì í nínú pósí. Larry bẹjú wò ó: háà, ọ̀pá tèmi nìyí! Ó sì fẹ́ gbà á lọ́wọ́ òkú. Nínú ìtàn yẹn kan náà ló ti ń díbọ́n bí Kristẹni aláwọ̀ funfun, ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Republican, kí kíláàbù mìíràn lè gbà á.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti 2009. Norm, ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù ní kíláàbù náà, máa ń fi ìlọ́ra gbá bọ́ọ̀lù. Larry jágbe mọ́ ọn, Norm sì kú. Kò pẹ́, swan dúdú, ẹyẹ omi tí ọ̀gá kíláàbù, Mr. Takahashi, kẹ́ bí ọmọ, ya bo Larry lórí pápá, Larry bá fi ọ̀pá pa ẹyẹ náà. Àwọn mẹ́rin tó wà níbẹ̀ mulẹ̀ pé àwọn ò ní sọ. Takahashi wá ń wádìí ikú ẹyẹ bí ọlọ́pàá tó ń wá apànìyàn. Ẹni tó bá máa wo ẹyọ kan péré, ìyẹn ni kó wò. Larry kì í kọ ọ̀rọ̀ ẹnu fáwọn òṣèré rẹ̀, ìlà ìtàn lásán ló ń fún wọn. Ìdí nìyẹn tí awuyewuye orí tábìlì oúnjẹ wọn fi ń dà bíi pé wọ́n ń jà lóòótọ́.