Báńà Ìdí Òpó Iná

Àsàlámù àlékúmù, ẹ̀yin ará mi. A kú Jímọ̀ o.

Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ti gba ẹ̀mí lọ́wọ́ wa. Nígbà tó kan àdúgbò tiwa, a dáwó jọ, a ṣe fídáù kan ṣoṣo fún gbogbo àwọn tó bá ìjàǹbá ọkọ̀ náà lọ. Èmi náà wà lára àwọn tó ṣètò rẹ̀, nítorí náà ara mi ni mo kọ́kọ́ ń wáàsí fún. Kánópì dí ojú títì. A so báńà gàgàrà tí fọ́tò gbogbo wọn wà lára rẹ̀ mọ́ òpó iná. Àwọn èèyàn ńlá dé, oníkámẹ́rà tẹ̀lé wọn. Ni wọ́n bá ní kí opó kan jáde wá gba owó ìrànwọ́ níwájú èrò. Ọjọ́ kẹjọ ni o! Oṣù 4 àti ọjọ́ 10 tí Ọlọ́hun ní kí opó fi dúró ṣọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ó jáde, ojú rẹ̀ bá báńà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé e mọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, fọ́tò ìyẹn ti dé orí Facebook.

Báńà ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Ọmọ opó náà ọkùnrin kì í gba ibẹ̀ lọ ilé kéú mọ́, ẹ̀yìnkùlé onílé ló ń gbà.

Nígbà tí Jáfárù ọmọ Abú Tọ́líbù, ìbátan Ánábì, kú lójú ogun Mútà, ní ọdún 8 lẹ́yìn Híjírà, Ánábì (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fúnra rẹ̀ ló lọ bá Asmáù ìyàwó Jáfárù nílé. Ó ní kí wọ́n kó àwọn ọmọ wá, ó fà wọ́n mọ́ra, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Ó sọ fún àwọn ará ilé tirẹ̀ pé: “Ẹ se oúnjẹ fún ará ilé Jáfárù, nítorí ohun tó gbà wọ́n lọ́kàn ti dé bá wọn.” Lẹ́yìn ọjọ́ 3 ó padà wá, ó sì pe onígbàjámọ̀ kó fá orí àwọn ọmọ náà. Ẹ wò ó, orí ọmọ ló rántí! Abdullahi, ọ̀kan nínú wọn, ní bí òròmọdìyẹ làwọn rí lọ́jọ́ yẹn.

Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ló ń se ìrẹsì fún wa. Nígbà mìíràn, owó ọmọ òrukàn ló ra màlúù, bẹ́ẹ̀ Suratu Nisáì, áyà 10, sọ pé iná ni ẹni tó bá fi àbòsí jẹ owó wọn ń jẹ sínú.

N ò ní kí ẹ má ṣàdúà fún òkú o. Ìyá kan sọ fún mi pé alẹ́ ọjọ́ tí Lemọ́mù dárúkọ ọmọ òun ní mọ́ṣáláṣí ni òun kọ́kọ́ sùn. Ohun tó tu ìyẹn lára ló dá ẹlòmíràn lọ́gbẹ́. Àwa kò bi ẹnikẹ́ni léèrè kí a tó ṣe tiwa.

Mo ti wá bi opó náà báyìí. Ó ní kí a tú báńà náà, ṣùgbọ́n kí a má sọ ọ́ nù, kí a ká a fún òun. Lẹ́yìn ìrun Alásàrí lónìí la ó lọ. Ẹni tó bá ní àkàsọ̀ gíga, kó jọ̀ọ́ mú un dání.