Ẹ yọ ẹran, ẹ yọ gàrí: kí ló wá kù nínú abọ́?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Inú ilé ìdáná mi ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ni mo wà. Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo zẹ́m, ìyẹn ọ̀kadà wa, ẹ má bínú, ẹ̀bá títì nilé wa.

Ẹ wo abọ́ yìí. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ kún un, tòmátì wà lórí ẹ̀, kùkúńbà yí i ká. Ó dùn ún wò, àbí? Ẹnì kan nínú yín ló fi fọ́tò irú ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ó ní òun kì í jẹ ẹran, òun kì í jẹ ẹja, òun ti fi gàrí àti ìrẹsì sílẹ̀, òun sì ń ṣọ́ kálórì, ìyẹn ìwọ̀n agbára tó wà nínú oúnjẹ. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé. Ó wá ń bi mí pé kí ló dé tí òòyì ń kọ́ òun.

Kò ní ṣàì kọ́ yín! Ẹni tó ń jẹ ẹran, bó bá fi gàrí sílẹ̀, ẹran ṣì wà nínú ọbẹ̀ ẹ̀. Ẹni tí kì í jẹ ẹran, bí kò bá ṣọ́ kálórì, á jẹ ẹ̀wà, á jẹ ẹ̀pà, á yó. Ẹ̀yin wá ti ilẹ̀kùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa lọ́jọ́ kan náà. Ẹ lè ṣe é o, èmi náà ń ṣe é. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ẹ ń bù.

Ẹ jẹ́ n fi kpayo, epo pẹtiróòlù ẹ̀bá títì, ṣàlàyé ẹ̀, mo fẹ́ràn àpèjúwe yìí ju oúnjẹ lọ. Ẹ rí epo inú ìgò tí wọ́n máa ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì? Gàrí, ẹ̀kọ àti ìrẹsì nìyẹn, àwọn oúnjẹ afáralókun. Ó ń jó kíákíá, zẹ́m ń sáré. Ẹ lè dín in kù, nítorí ọ̀rá ara yín dà bíi kẹ́ẹ̀gì tí ẹ ti gbé pamọ́ sílé, ara á lọ máa bù ú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n prọ́tíìnì kì í ṣe epo. Prọ́tíìnì ni páàtì: ṣéènì, bíréèkì, bẹ́ríǹgì. Mẹkáníìkì tó wà nínú ara yín kò ní jókòó nítorí pé ẹ ò ra páàtì fún un. Ara zẹ́m yẹn náà ló máa ti tú u! Á tú u lára iṣan ẹsẹ̀, á tú u lára iṣan apá, irun á máa bá kóòmù lọ. Ẹ ó gun òṣùwọ̀n, ẹ ó rí i pé ẹ ti fúyẹ́, ẹ ó máa jó. Ẹ ò mọ̀ pé bíréèkì lẹ tà.

PRỌ́TÍÌNÌ NI KÍ Ẹ KỌ́KỌ́ BÙ SÍNÚ ABỌ́. Mo tún un sọ: prọ́tíìnì kọ́kọ́, ẹ̀fọ́ tẹ̀lé e, epo ọbẹ̀ kẹ́yìn. Ó kéré tán, prọ́tíìnì 0.8 gáráàmù lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá wọ̀n. Ẹni tó wọn 70 kílò, 56 gáráàmù nìyẹn, ẹ sì fi díẹ̀ lé e nígbà tí ẹ bá ń dín oúnjẹ kù.

Ibi tí ẹ ti máa ń ṣì í rèé. Ẹ máa ń sọ fún mi pé, "Ṣebí mo ń jẹ ẹ̀wà?" Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Kétu náà sọ bẹ́ẹ̀. Ó bu ẹ̀wà kún abọ́ bàmù, ó fọ́n gàrí sí i lórí, ó ní òun ti ń dín afáralókun kù. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, gàrí lẹ fi ń jẹ gàrí!" Ó bínú sí mi ọjọ́ méjì.

Ẹ gbọ́. Ẹ̀wà gbígbẹ 100 gáráàmù, prọ́tíìnì inú ẹ̀ tó 24, ó dáa. Ṣùgbọ́n afáralókun inú ẹ̀ tó 60! Ẹ wá wo sójà: prọ́tíìnì 36, afáralókun 30, bí ìdá kan nínú mẹ́ta afáralókun yẹn sì jẹ́ fáíbà, pàǹtí oúnjẹ tí kì í di ṣúgà lára. Ẹ̀wà kì í ṣe ọ̀tá o. Ẹ jẹ ẹ́, àmọ́ ẹ kà á mọ́ afáralókun ọjọ́ yẹn, ẹ má tún gbé ẹ̀kọ tì í.

Bí mo ṣe ń jẹ tèmi: ẹyin méjì láàárọ̀, prọ́tíìnì 12. Sójà sísè 150 gáráàmù, 25. Ẹ̀wà sísè 150, 12. Ẹ̀gúsí 30 gáráàmù nínú ẹ̀fọ́, 8. Ó di 57. Gbogbo ẹ̀ kò sì pé 800 kálórì. Ẹ̀fọ́, èso àti epo díẹ̀ ló máa di ìyókù. Ẹ má lọ sísàlẹ̀ 1,200 kálórì lójúmọ́ bí kì í bá ṣe dókítà ló ní kí ẹ ṣe é.

Epo ọbẹ̀! Ṣíbí ìjẹun kan, bí 120 kálórì. Mo wọn ìgbákọ mi láàárọ̀ yìí, ẹ wò ó, ṣíbí mẹ́fà ló gbà. 720 kálórì! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo oúnjẹ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà yẹn. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń ra wàrà sójà dídín lẹ́bàá títì mọ́. Tútù ni mo ń rà á, màá gé e sínú ata. Bí ẹ bá sì ra ọbẹ̀ níta, ẹ bèèrè dáadáa. Ìyá ọlọ́bẹ̀ á ní, "Kò sẹ́ran níbẹ̀ o, edé díẹ̀ ni."

Ó yá, fítámì B12, èròjà tí ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ nílò. Kò sí ewé tó ṣeé gbọ́kàn lé fún un, mọ̀ríńgà ò ní in, ẹ má fi irú tan ara yín. Ẹyin, wàrà àti wàgàsí, ìyẹn wàràkàṣì ilẹ̀ wa, ló ní in. Wàgàsí àwọn Fúlàní tó ń ti ọ̀nà Ṣábẹ̀ẹ́ wá, ẹ jẹ ẹ́ pẹ̀lú ọkàn balẹ̀, oje bòmubòmu ni wọ́n fi ń mú wàrà ẹ̀ dì. Ọ̀pọ̀ wàràkàṣì Yúróòpù, ohun tí wọ́n mú nínú ikùn ọmọ màlúù ni wọ́n fi ń dì í! Ẹ̀yin tí kì í jẹ ẹyin, tí kì í mu wàrà, ẹ lọ ra B12 ní fámásì. Ara lè lo èyí tó ti tọ́jú fún ọdún díẹ̀, nítorí náà àìsí ẹ̀ kì í tètè hàn.

Èmi náà jìn sí kòtò kan. Mò ń jẹ ẹ̀fọ́ bí ewúrẹ́, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, kò tó. Tíì ni! Bí mo bá ti jẹun tán, ife tíì ti wà lọ́wọ́ mi. Tíì àti kọfí kì í jẹ́ kí ara gba irin inú ewé dáadáa, ìyẹn èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ẹ dúró tó wákàtí kan kí ẹ tó mu ún, kí ẹ sì fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí ẹ̀fọ́ yín lẹ́yìn tó bá sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Irin á wọlé dáadáa.

Ẹ̀yin tó ní àtọ̀gbẹ tí ẹ ń lo oògùn ẹ̀, ẹ̀yin aláboyún, ẹ̀yin tó ń fún ọmọ lọ́mú: Ẹ MÁ BẸ̀RẸ̀ LÁÌ RÍ DÓKÍTÀ. Bí ẹ bá dín afáralókun kù tí ẹ ò dín oògùn, ṣúgà ara lè já wálẹ̀ lójijì. Mi ò fi ṣeré.

Ẹ máa bi mí nípa kílò méjì tó já lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Omi ni púpọ̀ nínú ẹ̀. Ẹ mu omi padà.

Sójà tí mo rẹ lálẹ́ àná ti wú, ẹ rí i? Ẹ jẹ́ n lọ lọ̀ ọ́ kí iná tó lọ. Ẹ sì sè é jinná o, sójà tí kò jinná kì í jẹ́ kí ara rí prọ́tíìnì yẹn lò dáadáa.