Kí Wọ́n Tó Fa Ìlà Sórí Àwòrán: Ará Àdúgbò, Káńsù àti Ètò Ìlú

Kókó tí wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí ni ipò tí ará àdúgbò wà nínú ètò ìlú, ìyẹn pípinnu ibi tí ọ̀nà, ilé àti ọjà yóò wà, àti bí ìròyìn káńsù ṣe ń dé etí wọn. Ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí, owó àti agbára ará àdúgbò kì í jìnnà sí iṣẹ́ ìlú. Àdúgbò a máa dáwó ra tiransifọ́mà, wọn a gbẹ́ gọ́tà, wọn a ra yẹ̀pẹ̀ dí ihò tí òjò gbẹ́ sójú ọ̀nà, wọn a ṣe géètì, wọn a sì máa san owó ọlọ́dẹ lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá fẹ́ la ọ̀nà gba àárín àdúgbò yẹn kan náà kọjá, tàbí bí wọ́n bá fẹ́ sọ pápá tí àwọn ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù di ọjà, àmì pupa tí wọ́n kùn sára ògiri ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń mọ̀. Èrò tèmi ni pé ìgbà tí àwòrán ṣì wà lórí tábìlì ni ohùn ará àdúgbò níye lórí jù lọ. Bí ìlà bá ti fà tán, ẹ̀bẹ̀ ló kù, a kì í sì í fi ẹ̀bẹ̀ ṣe ètò ìlú.

Ó yẹ kí a mọ ẹni tí kálàmù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Abala keje ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé ojúṣe ìjọba ìbílẹ̀ ni láti kópa nínú ètò ọrọ̀-ajé àti ìdàgbàsókè agbègbè rẹ̀, àti pé kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ṣe òfin tí yóò dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ fún un. Àfikún kẹrin ìwé òfin náà wá ka iṣẹ́ káńsù lẹ́sẹẹsẹ: ọjà, gáréèjì, ibi ìsìnkú, òpópónà, gọ́tà, iná ojú títì, kíkó pàǹtí, sísọ òpópónà lórúkọ àti fífi nọ́ńbà sára ilé. Kò sí ibi tó ti mẹ́nu kan fífọwọ́ sí àwòrán ilé tàbí pípín ilẹ̀ sí ibùgbé, ọjà àti ilé iṣẹ́. Òfin ológun kejìdínláàádọ́rùn-ún ti ọdún 1992 pín iṣẹ́ yìí láàárín ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ìpínlẹ̀ Èkó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, ìdájọ́ tó jáde ní ọdún 2003 ni pé ìpínlẹ̀ ló ni ètò ìlú.

Èyí ló fà á tí ará àdúgbò fi máa ń lọ bá káńsílọ̀ tí wọ́n dìbò fún, tí káńsílọ̀ náà yóò sì máa fi orí ṣe bẹ́ẹ̀ ni, nígbà tó jẹ́ pé ọ́fíìsì kan ní Aláúsá tàbí ní Sẹkitéríàtì Ìbàdàn ni ìwé náà wà. Ní Èkó, ọ̀rọ̀ náà tún lọ́jú pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìjọba ìbílẹ̀ 20 ni ìwé òfin mọ̀, ìpínlẹ̀ náà sì fi 37 kún un ní ọdún 2003, tí gbogbo rẹ̀ fi di 57. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yọ̀ ní ọjọ́ kọkànlá oṣù keje ọdún 2024, nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ wọn ní tààrà, kí gómìnà yé dá a dúró. Èmi náà yọ̀. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ yẹn kò yí ìdájọ́ ọdún 2003 lórí ètò ìlú padà: owó gọ́tà lè dé ọwọ́ káńsù, kí àwòrán tí yóò sọ ibi tí gọ́tà náà yóò gbà ṣì wà lọ́dọ̀ ìpínlẹ̀.

Àṣà kí wọ́n ya àwòrán láìpe onílé ti pẹ́ láàárín wa. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tí eku gbé wọ Èkó ní ọdún 1924, àwọn òyìnbó dá àjọ kan sílẹ̀ ní ọdún 1928, ìyẹn Lagos Executive Development Board, kí ó máa tún ìlú tò. Àjọ yìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó ní ọdún 1955, tí ó ń kó àwọn ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè. Lójú àwọn tó ya àwòrán, ilé tó há mọ́ra ni wọ́n rí, mi ò sì ní sọ pé irọ́ ni wọ́n pa. Àmọ́ kò sí ìlà nínú àwòrán wọn tó fi hàn pé agboolé kan ló ni ilé kan, pé ìyá arúgbó ń rí oúnjẹ jẹ láti ọwọ́ ọmọ tó ń gbé ìkejì ògiri, tàbí pé oníṣòwò ń fi ẹsẹ̀ rìn dé ìsọ̀ láìsan owó ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n dé Sùúrùlérè, ilé wọn láyè, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ sí i. Ẹbí tú ká, oníbàárà sì jìnnà. Ká ní ẹnìkan jókòó bi wọ́n léèrè ṣáájú ni, bóyá wọn ì bá ti tún Ìsàlẹ̀ Èkó ṣe ní ìpín-ìpín, kí agboolé kọ̀ọ̀kan lè padà sí ojú ilé rẹ̀. Ti Màrókò ní oṣù keje ọdún 1990 le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìkìlọ̀ ọjọ́ 7 ni ìjọba ológun Raji Rasaki fún àwọn ará ibẹ̀ kí wọ́n kó kúrò, àwọn tó sì pàdánù ilé ni a sábà máa ń dá sí nǹkan bí 300,000.

Ti Màkókò ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ará àdúgbò ti gba kálàmù. Ní oṣù keje ọdún 2012, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn tó ń gbé orí omi níbẹ̀ ní wákàtí 72, lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé. Apẹja Ẹ̀gùn àti Ìlàjẹ ló pọ̀ nínú wọn. Nígbà tí eruku rẹ̀ rọlẹ̀, wọ́n bá ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ SERAC àti àwọn onímọ̀ ètò ìlú jókòó, wọ́n sì ṣe ètò àtúnṣe tiwọn fún etí omi Màkókò àti Ìwáyà, èyí tí wọ́n gbé fún ìjọba ní ọdún 2014. Ìjọba kò mú un ṣẹ bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tó yí padà. Ṣáájú ìgbà náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀: ṣé kí wọ́n kúrò ni àbí kí wọ́n má kúrò? Lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ lé wọn ní láti sọ ohun tó burú nínú ètò tiwọn, kí ó sì fi tirẹ̀ hàn. Ní ọdún 2019, wọ́n tún kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò náà bí wọ́n ṣe ń fi drone ya àwòrán láti òkè, wọ́n sì gbé ipa ọkọ̀ ojú omi àti ilé wọn sórí OpenStreetMap, àwòrán ilẹ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè fi kún, níbi tó jẹ́ pé òfìfo ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wà tẹ́lẹ̀. Àdúgbò tí kò bá sí lórí àwòrán rọrùn láti fa ìlà gbà kọjá.

Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan nínú yín máa sọ lọ́kàn pé, ó dára, a ti ní ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, CDA, kí wọ́n lọ ṣe é. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù. Ẹ lọ sí ìpàdé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, kí ẹ wo àwọn tó jókòó. Onílé ni wọ́n, ọkùnrin ni wọ́n, wọ́n sì ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Mi ò bú wọn. Bí kì í bá ṣe wọ́n ni, ọ̀pọ̀ àdúgbò ì bá wà nínú òkùnkùn di òní. Lórí ìwé, gbogbo olùgbé ni ẹgbẹ́ náà wà fún, ṣùgbọ́n nínú ìṣe, ìpàdé àwọn lándílọ́ọ̀dù ló ń dà. Ayálégbé ló pọ̀ jù nínú àwọn ará Èkó, àwọn ni wọ́n ń san owó ọlọ́dẹ àti owó tiransifọ́mà nípasẹ̀ onílé, àwọn sì ni omi ń wọ yàrá wọn nísàlẹ̀ ilé nígbà tí onílé wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bí a bá fẹ́ mọ ibi tó yẹ kí gọ́tà gbà, àwọn ló yẹ kí a kọ́kọ́ bi. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà ní oríta náà mọ ibi tí ọkọ̀ máa ń fẹ́ gbá àwọn ọmọ ilé ìwé láàárọ̀, ìmọ̀ tí sọ̀fíà awọnlẹ̀ tó bá dé ní agogo méjìlá ọ̀sán kò lè rí; ṣùgbọ́n àkókò tí ọjà rẹ̀ ń tà jù ni wọ́n ń fi ìpàdé sí.

Àwọn ènìyàn wa tó wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ń gbé lábẹ́ ètò mìíràn. Òfin Localism Act ti ọdún 2011 fún àdúgbò ní England láǹfààní láti kọ ètò ilé àti ilẹ̀ tirẹ̀. Níbi tí kò bá sí káńsù kékeré, ẹni 21, ó kéré tán, lè kóra jọ, kí káńsù ńlá sì fọwọ́ sí wọn. Wọn yóò kọ ètò náà, wọn yóò fi han gbogbo ará àdúgbò fún ọ̀sẹ̀ 6, ẹni tí kò sí lápá ọ̀tún tàbí lápá òsì yóò yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́yìn náà ni àdúgbò yóò dìbò lé e. Upper Eden ní Cumbria ló kọ́kọ́ dìbò irú rẹ̀, ní oṣù kẹta ọdún 2013. Bí ìbò bẹ́ẹ̀ ni bá ju ìdajì lọ, ètò náà di ohun tí káńsù gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé bí ẹnikẹ́ni bá wá gba àṣẹ ilé kíkọ́, àyàfi bí ìdí pàtàkì mìíràn bá wà. Níbi tí káńsù bá ń gba owó lórí kíkọ́ ilé tuntun, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ yóò lọ sí ohun tí àdúgbò náà nílò.

Òfin náà ní àbùkù. Àdúgbò kò lè fi ètò tirẹ̀ dín iye ilé tí ètò ńlá káńsù béèrè kù, àwọn àdúgbò olówó tí wọ́n ní àyè àti agbẹjọ́rò ló sì ti lò ó jù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò káńsù ni yóò dìbò nínú rẹ̀, onílé àti ayálégbé bákan náà, ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth tó ń gbé níbẹ̀ lọ́nà òfin sì wà lára wọn. Nítorí náà, ọmọ Yorùbá tó gba yàrá kan ní Peckham, tí ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ṣì wà lápò rẹ̀, lè dìbò lórí ibi tí wọn yóò kọ́ ilé sí bí àdúgbò rẹ̀ bá ṣe irú ètò yìí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti ń san owó ilé ní Múṣin fún ogún ọdún kò rí àga jókòó ní ìpàdé àdúgbò tirẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ilẹ̀ òyìnbó nìkan ni irú èyí ti ṣeé ṣe. Ètò ìdàgbàsókè ìlú, CSDP (Community and Social Development Project), tí Báńkì Àgbáyé ṣonígbọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà kan ní Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Èkìtì àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ní kí ìlú kọ̀ọ̀kan jókòó, kí wọ́n to àìní wọn lẹ́sẹẹsẹ, kí wọ́n kọ ètò wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì yan ìgbìmọ̀ tí yóò bójú tó iṣẹ́. Ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ náà ni ìlú máa ń dá nígbà náà, ní owó, ní yẹ̀pẹ̀ tàbí ní iṣẹ́ ọwọ́. Kí owó tó jáde, ètò ní láti ti wà. Ìlànà yẹn ni CDA lè yá lò, ìbáà jẹ́ fún gọ́tà kan ṣoṣo: kí wọ́n ya àwòrán àdúgbò, kí wọ́n sàmì sí ibi tí omi dé nínú òjò tó burú jù tí àwọn àgbà rántí, kí wọ́n sì mú un lọ sí ọ́fíìsì ètò ìlú kí àwọn ti ìjọba tó mú tiwọn wá. Ní Ìbàdàn, lẹ́yìn àgbàrá ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 2011 tó pa ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún, ọ̀pọ̀ àgbà ló lè fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tí odò dé, nítorí wọ́n ti rí ti Ògùnpa ní ọdún 1980.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìròyìn. Lórí WhatsApp àdúgbò, ohun tí à ń rí jù ni fọ́tò: alága káńsù ń bọ ọwọ́ baálẹ̀, alága káńsù ń gé rìbọ́ọ̀nù. Ìròyìn tó wúlò fún ará àdúgbò ni èyí tó sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, ibi tí wọn yóò ti ṣe é, iye tí yóò ná wọn, ọ́fíìsì tí ìwé rẹ̀ wà, àti ọjọ́ tí àyè yóò pa fún ẹni tó bá fẹ́ takò ó. Bí akọ̀wé CDA kò bá rí ọjọ́ yẹn nínú ohun tí káńsù fi ránṣẹ́, kí ó béèrè rẹ̀ kí ó tó fi ìròyìn náà ránṣẹ́ sí àwọn yòókù.

Òfin Òmìnira Ìròyìn (Freedom of Information Act) ti ọdún 2011 ti fún un ní àṣẹ láti béèrè, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì ti là á mọ́lẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2025 pé òfin náà de ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe de ìjọba àpapọ̀. Ọjọ́ 7 ni ọ́fíìsì ní láti dáhùn, wọ́n sì lè fi ọjọ́ 7 mìíràn kún un bí ìwé tí wọ́n béèrè bá pọ̀. Ẹni tó béèrè kò ní láti sọ ìdí tó fi fẹ́ ẹ, kò sì pọn dandan kí ó jẹ́ onílé. Ìyá ẹlẹ́wà tí kò mọ̀wé kọ pàápàá lè lọ fi ẹnu béèrè àwòrán ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ là gba oríta rẹ̀ kọjá. Òṣìṣẹ́ tó gbọ́ ọ ni òfin ní kó kọ ìbéèrè náà sílẹ̀, kí ó sì fún un ní ẹ̀dà kan mú lọ.