Ẹ Dúró Wò Ó: Orin àti Tíátà ní London Nígbà Ooru

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá. Tí ẹ bá wà ní London nígbà ooru, tí ẹ wá rí iye tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì tíátà, àyà yín lè já. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbà á láti dúró kò ní í náwó púpọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà sí Royal Albert Hall. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe Proms, àjọ̀dún orin tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1895. Láàárín oṣù Keje ló máa ń bẹ̀rẹ̀, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ìjókòó olówó gọbọi yí gbọ̀ngàn náà ká, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ gan-an, níwájú àwọn onífèrè àti àwọn onílù, ìdúró ni. Ọjọ́ eré gan-an ni wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ìdúró, ní nǹkan bíi £8 láwọn ọdún àìpẹ́ yìí. Ẹ ò rí i, ẹni tó sanwó kékeré ló sún mọ́ ìlù jù!

Globe ńkọ́? Ilé tíátà ni, etí odò Thames ló wà. Ní 1997 ni wọ́n ṣí i, wọ́n kọ́ ọ bíi ti ayé Shakespeare. Àgbàlá rẹ̀ kò ní òrùlé, bí 700 èèyàn ló sì lè dúró síbẹ̀. Láti £5 ni tíkẹ́ẹ̀tì ìdúró ti ń bẹ̀rẹ̀ láwọn ọdún àìpẹ́ yìí. Wọn kì í gba agbòjò láyè, nítorí náà ẹ mú aṣọ òjò dání. Ẹ wọ bàtà tó rọrùn, torí wọn ò ní gbà kí ẹ jókòó sílẹ̀ nígbà tí eré bá ń lọ. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dúró níbẹ̀, òṣèré kan gba àárín wa kọjá lọ sórí ìtàgé, aṣọ rẹ̀ kàn mí lápá. Àwọn alárìnjó ilé wa ni mo rántí, tí èrò ń pagbo yí wọn ká.

Tí orúnkún ò bá gba ìdúró, ẹ lọ sí ìsọ̀ TKTS ní Leicester Square. Wọ́n ń dín owó ìjókòó kù níbẹ̀, títí kan ti eré ọjọ́ náà.

Ọ̀fẹ́ ni Notting Hill Carnival, àjọ̀dún orin àti ijó ojú pópó, ní ọjọ́ Ajé tó kẹ́yìn oṣù Kẹjọ àti ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú rẹ̀. Tí ọmọ bá wà lọ́wọ́ yín, ọjọ́ Àìkú ni kẹ́ ẹ lọ. Ọjọ́ ẹbí nìyẹn.

Ẹ má fo àdúgbò Soho o. Ronnie Scott's, ilé orin kan níbẹ̀, ti ń gbàlejò àwọn onífèrè jáàsì látọdún 1959. Ṣáájú ìyẹn pàápàá, Ambrose Campbell, ọmọ Èkó, ti ń kọrin Yorùbá fún àwọn ará London ní Soho yìí kan náà. Ẹ dúró díẹ̀ tí ẹ bá ń kọjá níbẹ̀ lálẹ́.