Ta Ni Yóò Ra Awọ Ìlù Tó Ya?

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́-jáde, mo kí yín o. Ẹ ní kí n wá sọ bí àdúgbò ṣe lè kówó jọ fún bọ́ọ̀lù, ìlù, orin àti eré orí ìtàgé ní ilé-ìwé. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe akápò ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ owó gan-an ni mo bá wá.

Ìkówójọ kì í ṣe àjèjì sí wa. Ẹgbẹ́ Atúnlùúṣe Ilé Ìjẹ̀ṣà ló dá Ilesa Grammar School sílẹ̀ lọ́dún 1934. Ọmọ ìlú ló ṣe é, kì í ṣe ìjọba. Nígbà tí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wá di ọ̀fẹ́ ní ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn lóṣù kìíní ọdún 1955, ẹrù ńlá kúrò lórí òbí. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ibẹ̀ náà la ti kọ́ láti máa sọ pé, "Ṣebí ìjọba ló ni ín?" Ó dáa, ìjọba ń sanwó tíṣà. Awọ ìlù tó ya ńkọ́?

Ọdún tí mo kọ́kọ́ di akápò, ìfilọ́lẹ̀ la ṣe. A ya kánópì, a ya àga, a se ìrẹsì, a pe onílù. Àwọn èèyàn ń ké ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta, àwa ń pàtẹ́wọ́. Ìlérí ni gbogbo rẹ̀! Oṣù mẹ́ta ni mo fi gbé ìwé ìlérí kiri ojúlé. Bàbá kan wò mí títí, ó ní, "Tíṣà, ìlù ló gùn mí lọ́jọ́ yẹn." Nígbà tí a san gbèsè tán, bọ́ọ̀lù méjì lówó tó kù rà.

Lọ́dún kejì, a ò pe ẹnikẹ́ni jókòó. Mo ra ìwé ìkọ̀wé kan, mo kọ nǹkan kan ṣoṣo sórí ojú ewé kọ̀ọ̀kan: ìlù ńlá kan, bàtà ìsáré kan, jẹ́sì nọ́ńbà 7. Mo gbé e lọ sọ́jà. Ìyá aláta kan ń fún mi ní ₦200 lọ́jọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan títí jẹ́sì náà fi pé. Lọ́jọ́ ìdíje, ó pa ìsọ̀ tì, ó ń pariwo, "Ọmọ mi nìyẹn!" Kò tilẹ̀ mọ orúkọ ọmọ náà. Télọ̀ kan ní òun ò lówó. Òun ló rán aṣọ eré orí ìtàgé.

Àwọn tó wà lókè òkun máa ń fẹ́ ohun tí a lè kọ orúkọ wọn sí lára. Kò burú, àmọ́ ta ló ń kọ orúkọ sára páńpù bọ́ọ̀lù?

Gbogbo rìsíìtì ni mo lẹ̀ mọ́ ẹnu géètì ilé-ìwé. Ọkùnrin kan wá bá mi jà lórí ₦400 owó ọkọ̀. Mo ṣàlàyé, ó lọ, ó padà wá lọ́jọ́ kejì, ó mú ojú ewé bàtà ìsáré.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ ọ́ di owó ipá. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò ní náà gbọ́dọ̀ wọ jẹ́sì.

Ní ti ìlérí ọdún àkọ́kọ́, ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Èèyàn mẹ́rìnlá ló kù, mo sì rí méjì nínú wọn tí wọ́n jókòó sẹ́yìn yẹn.