Pẹ́ńsù àti wọ́tákọ́lọ̀ lójoojúmọ́: ẹ jẹ́ ká jọ ya Òkè Ọlọ́sunta

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èyí tí ẹ ń wò lẹ́yìn mi yìí l'Òkè Ọlọ́sunta, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì la wà, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, mi ò sì tíì ṣí ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe, kò síléèwé tí mo ti kọ́ àwòrán yíyà, àmọ́ ojoojúmọ́ ni mò ń yà á, bó ti wù kó kéré mọ, àwọn kan sì ti ń bi mí pé kí ló dé tó jẹ́ òkè kan náà ni mò ń yà ṣáá, ṣé kò sú mi ni. Kò sú mi rárá. Ìdí ẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí, a ó sì jọ ya tòní látìbẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ lè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí pépà gan-an.

Ẹ kọ́kọ́ wo méjì yìí ná. Eléyìí ti pẹ́, ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, eléyìí sì rèé, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni. Ìlà ti àkọ́kọ́ mọ́ kedere, ó dán, kò sóhun tó ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ ò lè tọ́ka síbi tí oòrùn ti ń wá. Ti èkejì, ìlà ò pọ̀ lára ẹ̀, síbẹ̀ òkè yẹn jókòó, ó wúwo, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣeé fọwọ́ kàn. Ọwọ́ mi ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà láàárín méjèèjì o, ojú mi ló là. Téèyàn bá ń wo ohun kan náà láràárọ̀, ó máa dé ibi tó máa gbàgbé òkè tó wà lọ́kàn ẹ̀, èyí tó wà níwájú ẹ̀ ló máa kù tí á máa yà.

Ó yá, pẹ́ńsù. 2B lèmi ń lò. HB táwọn ọmọ iléèwé ń lò náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó le díẹ̀, kì í dúdú tó 2B, tẹ́ ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́ jù ojú pépà á bàjẹ́. Bíléèdì ni mo fi ń gbẹ́ ẹ kẹ́nu ẹ̀ lè gùn. Kí n tó fa ìlà kankan, ẹ wò mí, mo na ọwọ́ gbọọrọ, mo di ojú kan, mo fi pẹ́ńsù wọn gíga òkè, mo fi àtàǹpàkò di ibi tó dé mú, mo wá dá pẹ́ńsù náà dùbúlẹ̀, mo fi wọn bó ṣe fẹ̀ tó. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò, ó máa yà yín lẹ́nu pé ó fẹ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, tórí ohun tó bá ga máa ń gba ojú èèyàn, a sì máa ń fi kún gíga ẹ̀ láìmọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú ọ̀run tó yí òkè ká ni mo máa ń yà, mi ò ní ya òkè fúnra ẹ̀. Tí ojú ọ̀run bá ti tọ̀nà, òkè á yọ fúnra ẹ̀.

Wàyí o, ẹ pa ojú dé díẹ̀, kó ku fín-ín kó dì tán. Àwọn igi kéékèèké ti pòórá, àbí? Ohun tó kù ò ju mẹ́ta lọ, ibi tó mọ́, ibi tó dúdú, àti ibi tó wà láàárín. Mẹ́ta yẹn ni iṣẹ́ gbogbo. Ẹni tó bá fi wọ́n síbi tó yẹ kí wọ́n wà, bí kò tiẹ̀ ya ewé kan ṣoṣo, àwòrán ẹ̀ á dúró.

Ibí yìí ni mo ti máa ń rántí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, ọmọ Èkìtì wa, agbẹ́gilére tó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́ níbí, ó sì gbẹ́ Ògògà sára ẹ̀ níbi tó ti ń gba òyìnbó aláṣẹ kan tó ń jẹ́ Captain Ambrose lálejò. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn yẹn lọ síbi àfihàn ńlá ní Wembley, nílùú London, lọ́dún 1924, British Museum, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan níbẹ̀, ló wà títí dòní, Ògògà ò sì gbowó lé e o, àga ọba ni wọ́n ṣe fún un dípò ẹ̀. Ohun tó jẹ́ kó kàn wá ni pé Ọlọ́wẹ̀ ò jẹ́ kí àwọn èèyàn orí ilẹ̀kùn náà lẹ̀ mọ́gi, ó gbẹ́ wọn kí wọ́n yọ síta gan-an débi pé ìmọ́lẹ̀ tó bá bà wọ́n ló máa dá òjìji fún wọn. Àwa tí à ń lo pépà, àwa la máa fọwọ́ ara wa ṣe òjìji yẹn. Lálẹ́ tíná bá wà, mo máa ń ṣí fọ́tò ilẹ̀kùn yẹn lórí fóònù, mo máa ń ya orí ẹnì kan ṣoṣo, òjìji ẹ̀ nìkan. Ó ń ṣe mí láǹfààní ju kíláàsì lọ.

Ó ti kan wọ́tákọ́lọ̀, kọ́lọ̀ tí à ń fi omi pò. Pépà ni kẹ́ ẹ náwó lé. Èyí tí wọ́n fi ń ṣe fọ́tòkópì, gíráàmù 80 ni ìwọ̀n ẹ̀ ní mítà onígun mẹ́rin kan, tómi bá kàn án á hun jọ. Ti wọ́tákọ́lọ̀ gidi jẹ́ 300, ó nípọn, ó sì ń mu omi láìyí. Ó wọ́n, kí n má parọ́ fún yín, ìyẹn ni mo ṣe ń gé ẹyọ kan sí mẹ́rin, mo sì ń fi téèpù lẹ etí ẹ̀ mọ́ páálí. Kọ́lọ̀ mẹ́ta péré ló wà nínú àwo mi, ultramarine tó jẹ́ búlúù, burnt sienna tó pupa bí ilẹ̀, àti yellow ochre tó jẹ́ yẹ́lò. Gọ́ọ̀mù arábíìkì ló ń mú wọn lẹ̀ mọ́ pépà, oje igi ni, lókè Ọya lọ́hùn-ún wọ́n ń kó o, torí náà ohun ilẹ̀ wa wà nínú ẹ̀ dáadáa.

Kò sí funfun nínú àwo mi, pépà ni funfun mi. Wọ́tákọ́lọ̀ kì í bo ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú ẹ̀ kọjá, á kan pépà, á tún padà sójú wa, nítorí ẹ̀ la ṣe ń bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó mọ́ lọ sí èyí tó dúdú. Ibi orí òkè tí oòrùn ti bà yẹn, mi ò ní fọwọ́ kàn án rárá. Mo fi omi lásán rẹ ojú ọ̀run, mo fi ultramarine fífẹ́lẹ́ sí i lókè, ẹ wo bó ṣe ń rìn wálẹ̀ fúnra ẹ̀. Ó yẹ kó dúdú ju bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ lọ báyìí, tórí tó bá gbẹ tán á ṣí díẹ̀.

Ti òkè, mo po ultramarine mọ́ burnt sienna. Bí búlúù bá pọ̀, á di àwọ̀ eérú tútù bíi ti òjò. Bí burnt sienna bá pọ̀, á lọ́wọ́ọ́wọ́, òun gan-an ni ara àpáta tí oòrùn ń pa. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ rí àwọn tóótòòtó yẹn? Ultramarine ní hóró, hóró yẹn ń rì sínú kòtò kéékèèké ojú pépà, bó ṣe ń gbẹ ló ń di ara òkúta. Mi ò ṣe nǹkan kan, kọ́lọ̀ ló ń ṣe é. Àwọn ìlà dúdú tó ń ti òkè wálẹ̀, ipa òjò ni, mo máa fà wọ́n tó bá gbẹ tán.

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ gbígbẹ yìí, ẹ fara balẹ̀ sí i, tórí òun ló ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò nídìí wọ́tákọ́lọ̀. Tí ojú pépà bá ń dán, ẹ lè fi kọ́lọ̀ mìíràn sí i, wọ́n á wọnú ara wọn. Tí dídán yẹn bá ti lọ àmọ́ tí pépà ò tíì gbẹ, ẹ gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Omi tuntun tó bá kán síbẹ̀ á ti kọ́lọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á wá fi àmì sílẹ̀ tí ò ní lọ mọ́. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó gbẹ? Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, tó bá tutù, omi ṣì wà nínú ẹ̀. Níbí l'Ékìtì, ìgbà òjò, ó lè pẹ́ títí kó tó gbẹ, mo máa ń lo àsìkò yẹn láti fi gé aṣọ. Ìgbà ọyẹ́ ńkọ́? Kó o tó ki búrọ́ọ̀ṣì bọmi lẹ́ẹ̀kejì, ó ti gbẹ, torí náà mo máa ń rẹ ẹ̀yìn pépà pẹ̀lú, kí n tó lẹ̀ ẹ́.

Ọyẹ́ tún ń yí òkè fúnra ẹ̀ padà. Àwòrán yìí, ìgbà ọyẹ́ ni, eruku ti bo afẹ́fẹ́, Ọlọ́sunta ṣí, ó fẹ́ẹ́rẹ́ bíi pé ó wà ní ìlú kejì. Eléyìí, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, ó dúdú, ó sún mọ́ wa. Ibi kan náà ni mo dúró sí o. Ẹ rí ìdí tí kò fi lè sú mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń sọ pé ẹ ò kàwé nípa àwòrán yíyà, ayàwòrán wa Aina Onabolu tí wọ́n bí n'Íjẹ̀bú-Òde ní 1882, fúnra ẹ̀ ló kọ́ ara ẹ̀. Ọdún 1906 ló fi wọ́tákọ́lọ̀ ya àwòrán obìnrin kan tó ń jẹ́ Mrs. Spencer Savage, 1920 ló tó lọ kàwé ní London.

Tòní ti tán. Mo kọ déètì àti bí ojú ọjọ́ ṣe rí sẹ́yìn ẹ̀. Lọ́la mò ń lọ ra òwú ní Ọjà Ọba l'Ádó, èèyàn la máa yà, àwọn èèyàn kì í sì í dúró deni, torí náà ìlà kan láti orí dé ẹsẹ̀ la ó kọ́kọ́ fà, burnt sienna àti ultramarine kan náà yìí la ó sì fi ṣe àwọ̀ ara wọn. Ẹ ti gé pépà yín kalẹ̀ lálẹ́ òní.