Bí Olùdíje Bá Fìdí Rẹmi: Ìpè Àkọ́kọ́, Ọjọ́ Ilé Ẹjọ́, àti Àkókò Tó Kù Sọ́wọ́ Rẹ̀

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ̀yin ìyá àti bàbá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ti Kubwa, Nyanya, Lugbe àti Gwagwalada wá, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ òní kan gbogbo ẹni tó ti du ipò rí tàbí tó ń gbèrò àtidu ipò, ìbáà jẹ́ alága kánsù, ìbáà jẹ́ káńsẹ́lọ̀, ìbáà jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Ní àríà kánsù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà ní Àbújá, ipò 68 ni INEC ń dìbò sí: alága 6, káńsẹ́lọ̀ 62. Àwọn tó ń jáde dù wọ́n pọ̀ ju iye yìí lọ dáadáa, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń jókòó sórí àga kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, ìwọlé nìkan ni gbogbo owó, ìpàdé àti àdúrà wa ń bá lọ. Alẹ́ tí èsì bá yíwọ́, ọ̀pọ̀ olùdíje kò mọ ẹni tó yẹ kí òun kọ́kọ́ pè.

Ìdúró wa ni pé ìṣirò ló yẹ kó darí ẹni tó fìdí rẹmi. Ìbò ni yóò kọ́kọ́ kà, lẹ́yìn náà ni yóò ka ọjọ́ tó fẹ́ ná lórí ohun tó ti kọjá. Ẹni tó bá ka méjèèjì dáadáa kò ní gbà kíákíá jù, kò sì ní pẹ́ jù kó tó gbà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbò. Ní ibùdó ìdìbò kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn tí wọ́n bá ka ìbò tán lójú gbogbo èèyàn, òṣìṣẹ́ INEC yóò kọ èsì sínú fọ́ọ̀mù EC8A, aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú yóò fọwọ́ sí i, yóò sì gba ẹ̀dà tirẹ̀. Ní wọ́ọ̀dù, wọn yóò kó o jọ sínú EC8B, kó tó bọ́ sínú EC8C ní ìjọba ìbílẹ̀. Olùdíje tó ní aṣojú gidi ní gbogbo ibùdó lè mọ ibi tí òun dúró sí kí ilẹ̀ tó mọ́. Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ rèé: aṣojú tí wọn kò fún lówó oúnjẹ àti owó ọkọ̀ ti padà sílé kí wọ́n tó kà á tán; tàbí ó ń fi ẹnu lásán sọ iye ìbò lórí fóònù, ó sì ń bù mọ́ ọn nítorí kò fẹ́ ba ọ̀gá lọ́kàn jẹ́. Nítorí náà, fọ́tò EC8A nìkan ni kí ẹ gbà, kó má jẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ tí nọ́ńbà kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀. Kí ẹ fi ẹni méjì tí kì í bẹ̀rù yín sídìí ìwé, kí ọ̀kan máa pe nọ́ńbà, kí èkejì máa kọ ọ́. Kí olùdíje fúnra rẹ̀ jìnnà sí yàrá yẹn.

Bí èsì ṣe ń wọlé, nọ́ńbà méjì ni kí ẹ fi ara yín jìn fún. Àkọ́kọ́ ni iye ìbò tí ẹni tó ń ṣíwájú fi ju yín lọ. Èkejì ni iye káàdì ìdìbò alálòpẹ́ tí àwọn èèyàn ti gbà ní ibùdó tí ìdìbò kò ti wáyé tàbí tí wọ́n ti fagi lé èsì. Bí àlàfo náà bá ju iye káàdì wọ̀nyí lọ, kò sí ibi tí ìbò mìíràn yóò ti jáde. Bí kò bá jù ú lọ, ọ̀rọ̀ kò tíì parí, kò sì sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ juwọ́ sílẹ̀.

Ẹ wo ìdìbò gómìnà Ọ̀ṣun ní 2018. Adémọ́lá Adélékè fi ìbò 353 ṣíwájú Gbóyèga Oyètọ́lá, ṣùgbọ́n wọ́n ti fagi lé ìdìbò ní ibùdó 7 tí olùdìbò tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ 3,498. INEC kò kéde ẹnikẹ́ni. Wọ́n padà dìbò ní àwọn ibùdó yẹn, Oyètọ́lá sì fi 482 borí. Ká ní ẹnì kan nínú àwọn méjèèjì ti kí èkejì kú oríire ní alẹ́ àkọ́kọ́, àṣìṣe ńlá ni ì bá jẹ́. Nígbà náà, orúkọ tó wà nínú ìwé olùdìbò ni INEC ń wò. Káàdì tí èèyàn ti gbà ni wọ́n padà wá ń lò, nítorí kò sí bí ẹni tí kò gba káàdì ṣe lè dìbò.

Ọ̀rọ̀ Èkìtì ní June 2014 kò rí bẹ́ẹ̀. Ayọ̀délé Fáyòṣé ní ìbò 203,090, Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí tó wà lórí àga ní 120,433. Gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rìndínlógún ni Fáyòṣé mú. Fáyẹmí gbà ní ọjọ́ kejì ìdìbò, ó sì kí ẹni tó borí kú oríire. Ohun tó mú kí ìgbésẹ̀ yìí wúwo lójú wa ni pé kì í ṣe ẹni tí kò mọ ọ̀nà ilé ẹjọ́. Lẹ́yìn ìdìbò April 2007, ó gbé ẹjọ́ ìbò rẹ̀ kiri fún ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀: wọ́n tún ìdìbò ṣe ní àwọn wọ́ọ̀dù kan ní April 2009, ẹjọ́ tún bẹ̀rẹ̀, títí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Ìlọrin fi dá a láre ní October 15, 2010. Ọkùnrin kan náà ló jà ní 2007, òun náà ló jẹ́ kó lọ ní 2014. Ó di mínísítà ní 2015, ó sì padà wọlé gẹ́gẹ́ bíi gómìnà Èkìtì ní July 2018. Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́.

Èyí ló fi yẹ ká là á mọ́lẹ̀ pé a kò ní kí ẹnikẹ́ni gbé ìwà olè mì. Yorùbá kò gbàgbé wetie 1965, nígbà tí wọ́n ń dáná sun ilé àti èèyàn nítorí màgòmágó ìbò, bẹ́ẹ̀ ni kò gbàgbé rògbòdìyàn ìbò tó ṣẹlẹ̀ ní Oǹdó ní 1983. Ìbò tí a kà dáadáa tó sì lòdì sí wa là ń sọ. Àwa tó ń gbé ní àríwá tún ní ìdí mìíràn tí a fi ń sọ ọ́: lẹ́yìn ìdìbò ààrẹ ti April 2011, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ 12 ní àríwá, ó sì lé ní ẹgbẹ̀rin èèyàn tó kú gẹ́gẹ́ bí Human Rights Watch ṣe kà á. Àwọn àgùnbánirọ̀ wà lára wọn, ọmọ tí wọn kò du ipò kankan. Ní 2015, Ààrẹ Goodluck Jonathan pe Muhammadu Buhari lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́ March 31, kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Attahiru Jega, alága INEC nígbà náà, tó kéde èsì ìkẹyìn. Àlàfo tó wà láàárín wọn lé ní mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀ ìbò. Ìpè yẹn kò gùn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìlú tó ti ti ilẹ̀kùn mọ́rí sùn wọ̀ọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Báwo la ṣe ń ṣe ìpè náà? Ẹ gba nọ́ńbà alátakò yín kí ọjọ́ ìdìbò tó pé, nọ́ńbà tó ń gbé fúnra rẹ̀, kì í ṣe ti akọ̀wé rẹ̀. Ẹnu yín ni kó ti gbọ́. Ìṣẹ́jú méjì tó. Ẹ pè é pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bó bá jù yín lọ, ẹ kí i bí àbúrò ṣe ń kí ẹ̀gbọ́n. Ẹ sọ pé ẹ ti rí èsì, ẹ gbà á, ẹ kí i kú oríire. Ohun kan ṣoṣo lẹ lè bẹ̀ ẹ́ fún: kó bá àwọn tirẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n má fi ọwọ́ kan àwọn tiyín. Ẹ má dárúkọ ipò, ẹ má dárúkọ gbèsè, ẹ má ka ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn. Bí kò bá gbé e, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, kí ẹ tún pè lẹ́yìn wákàtí kan.

Kí ìròyìn tó jáde, ẹ pe ìyàwó tàbí ọkọ yín, kí ẹ pe àwọn olórí wọ́ọ̀dù yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Ọmọkùnrin tó gun ọ̀kadà kiri fún yín fún oṣù mẹ́ta, tó wá gbọ́ látẹnu rédíò pé ọ̀gá òun ti gbà, ojú ń tì í ládùúgbò, ìtìjú yẹn ló sì ń di òkò. Bó bá gbọ́ ọ látẹnu yín, tí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹ ní kó lọ sílé, yóò lọ.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ gbangba. Kó má ju ojú ìwé kan lọ. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ni kó gbé kókó: orúkọ ẹni tó wọlé àti pé ẹ gbà. Bí ẹ bá fi ìpínrọ̀ mẹ́ta ṣàlàyé bí wọ́n ṣe pín owó kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀, ohun tí àwọn èèyàn yóò gbé kiri ni owó. Ọ̀rọ̀ tútù ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ líle ní í yọ ọfà nínú apó. Ní Àbújá, ẹ kà á ní èdè Yorùbá fún àwa, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó gbọ́ Hausa àti Gbagyi dáadáa kà á fún àwọn tó fi ìbò wọn tì yín lẹ́yìn, nítorí ìbò Yorùbá nìkan kì í gbé alága wọlé níbí.

Ìfàsẹ́yìn tó burú jù ni kí èèyàn gbà kó sì tún kọ̀. Yahya Jammeh, ààrẹ Gambia nígbà náà, gbà ní December 2, 2016, ó yí ọ̀rọ̀ padà ní December 9, àfìgbà tí àwọn ọmọ ogun ECOWAS wọlé kó tó kúrò nílùú ní January 21, 2017. Ti Al Gore ní Amẹ́ríkà yàtọ̀: ó pe George W. Bush lóru ìdìbò ààrẹ 2000, àlàfo ní ìpínlẹ̀ Florida sì wá kéré débi pé òfin ní kí wọ́n tún ìbò kà, ló bá tún pè láti gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Àlàfo tí wọ́n padà kéde níbẹ̀ jẹ́ 537. Gore kò purọ́, ó kàn pè kí ìṣirò tó parí. Ní Ghana, Mahamudu Bawumia, igbákejì ààrẹ tó du ipò ààrẹ, pe alátakò rẹ̀ John Mahama ní December 8, 2024, ọjọ́ kejì ìdìbò, kí àjọ elétò ìdìbò tó kéde, nítorí àkójọ èsì ẹgbẹ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ti fi hàn án.

Bí ìṣirò bá wá fi hàn pé wọ́n ṣe yín ní màgòmágó ńkọ́? Ẹ ka ọjọ́. Òfin fún yín ní ọjọ́ 21 láti ìgbà tí wọ́n bá kéde èsì láti fi ẹ̀sùn sílẹ̀. Tríbúnà, ìyẹn ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ìbò, ní ọjọ́ 180. Bó bá jẹ́ ipò gómìnà, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní ọjọ́ 60, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní 60 mìíràn. Ẹ ro ó pọ̀: 321. Kí wọ́n tó fi gbèdéke sí i, ẹjọ́ bíi ti Èkìtì àti Ọ̀ṣun tó bẹ̀rẹ̀ ní 2007 ń fa ẹsẹ̀ títí 2010. Ẹni tí wọ́n kéde ti búra wọlé, òun ló ń ṣe ètò ìṣúná, ẹ̀yin wà lọ́dọ̀ lọ́yà. Ẹ̀yin náà lẹ sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé màgòmágó náà pọ̀ débi tó fi yí èsì padà. Kíkó ìwé jọ bí òkè síwájú adájọ́ kì í tó. Ẹni tó wà ní ibùdó náà ni yóò dìde sọ̀rọ̀ lé e. Nítorí náà, kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó parí, ẹ mú EC8A yín jáde, ẹ fi wé èyí tó wà lórí IReV, ìkànnì INEC tí aráàlú ti lè wo èsì ibùdó, ẹ ka iye ibùdó tí wọ́n ti yàtọ̀, ẹ sì ro iye ìbò ibẹ̀ pọ̀. Bí gbogbo rẹ̀ kò bá dé àlàfo tí wọ́n fi borí, ẹ fi ọjọ́ 321 yẹn ṣe nǹkan mìíràn.

Nǹkan wo? Èyí ni ọ̀pọ̀ kì í rò. Ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ wákàtí 168. Ká mú òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbé Kubwa tàbí Nyanya tó sì ń ṣiṣẹ́ ní àárín ìlú: oorun wákàtí 7 lálẹ́ jẹ́ 49, iṣẹ́ láti aago mẹ́jọ sí mẹ́rin jẹ́ 40, gosìló àlọ àti àbọ̀ wákàtí 3 lójúmọ́ jẹ́ 15, oúnjẹ, ìwẹ̀ àti iṣẹ́ ilé jẹ́ 21, ìjọsìn jẹ́ 5. Ó ku 38. Ìpolongo ló ń jẹ wọn tẹ́lẹ̀, ó tún jẹ nínú oorun. Nígbà tó bá parí, àwọn tí kò dìbò fún yín pàápàá yóò rò pé ọwọ́ yín dilẹ̀, wọ́n á máa bù wọ́n lọ: ìpàdé lọ́sàn-án Sátidé, ìsọmọlórúkọ ní Ìbàdàn tó gba Sátidé àti Àìkú pátápátá nítorí ọ̀nà Lọ́kọ́ja, àti ojú WhatsApp tí a ti ń jà ìjà tó ti parí.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni kí ẹ fi san gbèsè, pàápàá owó àwọn aṣojú, kí ẹ kó pósítà kúrò lára ògiri, kí ẹ sì lọ dúpẹ́. Ẹ fi ẹgbẹ́ WhatsApp ìpolongo lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, kí ẹ jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ gbogbo ohun tó ń béèrè wákàtí yín sílẹ̀ sórí ìwé kan. Ẹ bi ara yín níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan pé, ta ló máa dùn bí mi ò bá wá? Òkú àna yín, ẹ gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ yín, owó àti ìpè tó. Àwọn ọmọ yín tí wọn kò rí yín fún oṣù mẹ́fà, ẹ fún wọn ní wákàtí tó dájú, kó má jẹ́ èyí tó bá ṣẹ́kù. Bí ẹ bá ṣì ń gbèrò àtipadà jáde, wákàtí 3 lọ́sẹ̀ nínú wọ́ọ̀dù yín tó: ẹ kọ́ Gbagyi, ẹ ran àwọn aládùúgbò lọ́wọ́ láti forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n sì gba káàdì wọn. Ẹ má ṣe fi ohun tuntun kún un láìyọ ọ̀kan kúrò. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ tún ìwé náà ṣí. Ohun tí ẹ kò tíì fọwọ́ kàn, ẹ pe àwọn tó ni ín, ẹ ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn.